Ẹ dá orúkọ àwọn àgbà wa padà: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ wa ní Kubwa

Bàbá Alága, Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé, Akápò, àti gbogbo ẹ̀yin ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa, mo kúnlẹ̀ kí yín.

Ẹ má bínú pé mi ò béèrè ilé àti ọmọ kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ gbé orúkọ èèyàn mọ́kànlá sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ ní ẹnikẹ́ni tí kò bá wá sípàdé fún oṣù mẹ́fà, tí kò sì san owó oṣù, ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́. Bí àìsàn bá ṣe é, ẹgbẹ́ ò ní yọjú. Bó bá kú, ẹgbẹ́ ò ní bá wọn sin ín. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ẹ kọ ọ́ pé ìbẹ̀wò àwọn àgbà tí à ń ṣe lóṣooṣù ti dópin, àti pé owó ọkọ̀ tí à ń yọ sọ́tọ̀ fún un yóò wọ inú owó àpèjẹ òpin ọdún.

Mo ka orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Méje nínú wọn ti lé ní ẹni 70 ọdún. Mo mọ ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ọdún mẹ́ta ni mo fi wà lára àwọn tó ń ṣe ìbẹ̀wò náà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ni mo fi ń jẹun láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ ò fèsì. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síta báyìí, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àti àwọn ọmọ àwọn tí ẹ yọ orúkọ wọn, lè bá wa kà á.

1. Ẹ rántí Bàbá Àkáǹtì.

Mi ò ní dárúkọ wọn gan-an. Ohun tí gbogbo wa ń pè wọ́n nìyẹn, ẹ sì mọ ẹni tí mò ń wí. Wọ́n wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó bá ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí Abuja ní 1991. Nígbà tí wọ́n fi jẹ́ akápò wa, kọ́bọ̀ kan ò sọnù. Wọn kì í wọ aṣọ tí wọn ò lọ̀. Tí èèyàn bá jókòó tì wọ́n nípàdé, òórùn ọṣẹ ló máa ń gbọ́ lára wọn.

Ìyàwó wọn jáde láyé. A ṣe ìsìnkú náà dáadáa, a dá aṣọ, a jẹ, a mu, a túká. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Bàbá wọ ẹ̀wù kan náà wá sípàdé mẹ́ta léra. Mo rí i. Ẹ̀yin náà rí i. Ẹnì kan sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Bàbá yìí ti di ahun, kò fẹ́ náwó ọṣẹ mọ́,” àwa tó wà nítòsí sì rẹ́rìn-ín. Èmi nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Wọn ò san owó oṣù mọ́, ẹni tó máa ń bá ẹlòmíràn san tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Kò sẹ́ni tó lọ wo ilé.

Ta ló kọ́kọ́ fura? Ọmọ Hausa tó ń ti omi kiri ládùúgbò wọn, mairuwa. Ó ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni Bàbá máa ń rà lọ́sẹ̀. Ó di méjì, ó di ọ̀kan, nígbà tó ṣe wọ́n ní kó má wá mọ́. Inú ooru oṣù kẹta nìyẹn, nígbà tí gbogbo Kubwa ń wá omi lójú méjèèjì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ yẹn ní ìtọ́jú àgbà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí kò ra omi nínú irú ooru yẹn, nǹkan ń ṣe é. Ó sọ fún ìyá tó ń ta ata lójúde wọn. Ìyá yẹn ló pè mí.

Mo kan géètì. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní, “Ara mi le, ọmọ mi. Bá mi kí ọkọ rẹ.” Wọn ò ṣí i. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ géètì, mo rí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fi ọ̀rá dúdú we ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ kí wọ́n tó gbà mí wọlé. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ òṣèlú la sọ, èmi níta, àwọn nínú. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín dání. Wọ́n gbà á, wọ́n sì tì í padà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n ṣílẹ̀kùn fúnra wọn. Mi ò ní kọ gbogbo ohun tí mo rí síbí, nítorí iyì wọn. Ọbẹ̀ ti hu nínú ìkòkò. Iná ti kú nítorí wọn ò ra káàdì sí mítà. Oògùn àtọ̀gbẹ oṣù mẹ́fà wà nínú páálí, wọn ò tú u. Owó ìfẹ̀yìntì wọn sì wà ní báńkì láìfọwọ́ kàn. Kì í ṣe ahun, kì í sì í ṣe òṣì.

Ẹsẹ̀ inú ọ̀rá yẹn ti ń jẹrà. Ọmọ ìka méjì ni wọ́n gé kúrò kí wọ́n tó lè gba ìyókù là. Bàbá wà láàyè. Orí ibùsùn ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí ẹ gbé àtẹ̀jíṣẹ́ yín jáde. Orúkọ wọn ló ṣìkẹrin nínú mọ́kànlá.

2. Ohun tó ṣe Bàbá kì í ṣe ìwà.

Kí àgbàlagbà pa ara rẹ̀ tì jẹ́ ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ dáadáa. Kó má wẹ̀ mọ́, kó má jẹun dáadáa, kó má lo oògùn, kó má tọ́jú egbò, kó jẹ́ kí ìdọ̀tí kún ilé, kó sì máa lé ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹlòmíràn ló ń fi ìyà jẹ ẹ́, ara rẹ̀ ni kò tọ́jú mọ́. Ohun tó ń fà á sì máa ń ju ẹyọ kan lọ.

Àwa ti ní orúkọ tiwa fún un. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, a ní ahun ni. Tó bá jẹ́ obìnrin, a ní àjẹ́ ni, ẹ sì mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gbé arúgbó dé. Tó bá ti lé ní 80, a ní ó ń ṣarán. Tí kò bá ṣílẹ̀kùn, a ní ìgbéraga ni. Orúkọ mẹ́rin, kò sì sí èyí tó mú dókítà wá sílé nínú wọn. Mi ò bá àdúrà jà o. Ẹ gbàdúrà fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi láti ẹ̀yìnkùlé dé balùwẹ̀, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ fọ ẹsẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ ọ́, á kúkú fi ìwẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú nítorí àrùn ojú kò rí ìdọ̀tí tí ẹ̀yin ń rí. Ọkùnrin tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀ kò ní wá sípàdé, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ òórùn. Á dín omi mímu kù kí ìtọ̀ lè dín kù, omi á gbẹ lára rẹ̀, orí rẹ̀ á wá dàrú. Àrùn rọpárọsẹ̀ tí kò hàn síta lè wà níbẹ̀. Ọtí lè wà níbẹ̀. Àárẹ̀ ọpọlọ tó ń mú kí àgbà máa gbàgbé nǹkan lè wà níbẹ̀.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ńkọ́? Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣáájú lọ bá àwọn àgbà ẹni 65 ọdún sókè ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Kwara àti Kogi wà níbẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé nínú 100 wọn, nǹkan bí 7 ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le láàárín ọdún kan, nǹkan bí 26 ló sì ti ní in rí láyé wọn. Àwọn ìyá àti bàbá wa ni wọ́n lọ bá. Àgbà Yorùbá kì í sì í sọ pé ìbànújẹ́ ń ṣe òun. Ohun tó máa sọ ni pé orí ń fọ́ òun, pé ara ń ro òun, pé oúnjẹ ò wu òun. Nígbà tí Bàbá Àkáǹtì sọ fún wa lẹ́yìn ìsìnkú pé ọ̀fun àwọn gbẹ, omi la gbé fún wọn.

3. Bàbá Alága, ẹ sọ nípàdé pé ẹ pe Bàbá lórí fóònù, wọ́n sì ní kò sí nǹkan.

Mo gbà pé ẹ pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kọ́ ni ẹ̀rí, ibí sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Apá iwájú ọpọlọ ló ń jẹ́ kí èèyàn to iṣẹ́ tẹ̀léra: kó ronú ìwẹ̀, kó dìde, kó pọn omi, kó bọ́ṣọ, kó wẹ̀ parí. Àìsàn lè ba iṣẹ́ apá yẹn jẹ́ kó má sì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ sísọ rárá. Ẹnu á ṣì mú bí abẹ. Bàbá bá mi sọ̀rọ̀ ìdókòwò báńkì fún bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn géètì, mi ò sì rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti ń sọ pé, “Màá wẹ̀ lọ́la.” Wọn ò purọ́. Wọ́n fẹ́ wẹ̀ lóòótọ́. Láti inú ìfẹ́ yẹn dé ìdí omi ni ọ̀nà ti já.

Nítorí náà, ẹ má bi àgbà pé, “Ṣé ẹ ti lo oògùn?” Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa wí. Ẹ ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ wo oògùn yín. Èwo lẹ lò láàárọ̀ yìí?” Ẹ má bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Ẹ ní kí ẹ jọ po tíì nínú ilé ìdáná wọn. Ojú yín á sọ ìyókù.

Mo tún gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ọ̀mọ̀wé bíi Bàbá kò lè ṣàìmọ ohun tó ń ṣe. Ní 1975, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, nípa arúgbó 30 tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn nínú irú ipò yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe iṣẹ́ ńlá láyé wọn, ìdajì wọn kò ní àìsàn ọpọlọ kankan, làákàyè wọn sì ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń dùn mí títí di òní: nínú gbogbo 30 yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ìjọba kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ wọ́n. Orúkọ wọn wà nínú ìwé, bí orúkọ Bàbá ṣe wà nínú ìwé tiwa.

4. Ó ń pa èèyàn.

Ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọ ipasẹ̀ àgbàlagbà tó ju 9,000 lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èsì tó jáde ní 2009 fi hàn pé ẹni tí wọ́n ti fi sùn pé ó pa ara rẹ̀ tì sún mọ́ ikú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà láàárín ọdún àkọ́kọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́fà lẹ fún àwọn àgbà wa kí ẹ tó yọ orúkọ wọn. Ẹ wo bí oṣù mẹ́fà yẹn ṣe pọ̀ tó nínú ọdún kan.

5. Ẹgbẹ́ yìí ni agboolé wa.

Ní Ọ̀ffà, ní Kàbà, ní Ìbàdàn, tí ìyá àgbà kò bá jáde láàárọ̀, kó tó di ìyálẹ̀ta, ìyàwó ilé kan á ti kanlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. Ojú ló ń rí ojú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà la jọ ń gbálẹ̀, kànga kan náà la jọ ń pọn. Ìgbà tí a dé Kubwa, ògiri la mọ. Olúkúlùkù ló ní géètì tiẹ̀, ẹni tó rí já jẹ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú ọgbà. Aládùúgbò lọ́tùn-ún jẹ́ Gbagyi, ti òsì jẹ́ Ìgbò, ẹni rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ bóyá Bàbá wa máa ń lọ aṣọ tàbí kì í lọ̀ ọ́. Àwa la mọ̀.

A máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ Bàbá kan wà ní Kánádà, èkejì wà ní Port Harcourt. Wọ́n ń fowó ránṣẹ́, wọ́n ń pe fídíò lọ́jọ́ Sátidé. Fóònù kì í gbé òórùn, ojú nìkan sì ni Bàbá ń fi hàn wọ́n. Nígbà tí mo fi àwòrán ẹsẹ̀ náà ránṣẹ́ sí àkọ́bí wọn, ó sunkún lórí fóònù débi pé mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó bi mí pé, “Ẹgbẹ́ ńkọ́? Ṣebí Bàbá ní ẹgbẹ́?”

Bí àgbà kò bá wá sípàdé mọ́, tí kò sanwó mọ́, àmì àìsàn gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin wá sọ àmì àìsàn di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ sì fi ìjìyà sí i.

6. Ẹ má ṣe fi agbára wọlé o.

Mo ní láti sọ eléyìí, nítorí mo mọ̀ pé lẹ́yìn lẹ́tà yìí, ara àwọn kan á ti máa yá. Ẹ rántí ìyá tí àwa kan lọ bá nílé lọ́dún kejì sẹ́yìn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti Izal. A gbá gbogbo ilé, a sun ohun tí a pè ní pàǹtí. Lẹ́tà ọkọ wọn tó ti kú wà nínú rẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí ilé náà tún padà sí bó ṣe wà, àti láti ìgbà náà, ìyá kò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́. Ohun tí a sun ti sun. Ẹ jọ̀ọ́, ká má tún ṣe irú ẹ̀ mọ́.

Àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìrànlọ́wọ́. Ohun tó kù fún wa ni ká máa padà lọ, ká mú nǹkan kékeré dání, ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dun òun fúnra rẹ̀. Bàbá kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Láti orí ẹsẹ̀ la gbà dé gbogbo ìyókù. Orílẹ̀-èdè yìí sì ti ní òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin wèrè tó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ká lọ fi okùn mú bàbá ẹnìkan.

7. Ohun tí mo ń béèrè.

Kí orúkọ mọ́kànlá yẹn padà kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí ẹ kọ yíyọ rẹ̀ sí, kí àwọn ọmọ wọn lè rí i.

Kí òfin ẹgbẹ́ yí padà: tí ẹni tó ti lé ní 65 bá pa ìpàdé méjì jẹ léra, kí èèyàn méjì lọ kí i nílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí gbèsè owó oṣù má ṣe lé àgbà kúrò láéláé.

Kí owó ìbẹ̀wò padà sí ìbẹ̀wò. Ẹ wo owó ọkọ̀ láti Phase 4 dé Byazhin, kò tó owó páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta.

Kí ẹ jẹ́ kí n kọ́ àwọn tó máa lọ, ọ̀fẹ́ ni, ní ohun tí ojú wọn yóò máa wá: aṣọ tó ti tóbi jù lára, èékánná tó gùn, egbò tí a bò, oògùn tí kò dín tàbí tó ń yára tán jù, oúnjẹ tó bà jẹ́, mítà tí kò lówó, koríko lẹ́nu ọ̀nà, àgbà tó máa ń gba àlejò sí pálọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá ń kí èèyàn láti ẹ̀yìn géètì. Tí ìyípadà náà bá dé lójijì, láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, tí ọ̀rọ̀ àgbà dàrú, tí kò mọ ọjọ́ mọ́, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí àkóràn tàbí ṣúgà ló sábà máa ń fa irú ẹ̀.

Kí akọ̀wé ní nọ́ńbà ọmọ kan àti aládùúgbò kan fún àgbà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Mairuwa wọn náà, tó bá ṣeé ṣe.

Kí ẹ kọ̀wé sí National Senior Citizens Centre, àjọ tí òfin 2017 dá sílẹ̀ fún àwọn àgbà, pé kí wọ́n rán ẹnìkan wá bá wa sọ̀rọ̀. Abuja níbí ni olú iléeṣẹ́ wọn wà. Ní gbogbo ọdún tí àjọ yìí ti wà, a ò tíì kọ ìlà kan sí wọn.

Mi ò ní dúró de èsì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé yìí, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, màá lọ sí ilé mẹ́ta nínú àwọn orúkọ yẹn. Ilé Bàbá Àkáǹtì ni màá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó tó àkókò láti pààrọ̀ báńdéèjì wọn. Bàbá Alága, àga wà nínú pálọ̀ wọn báyìí, wọ́n sì ń béèrè yín.

Èmi ni ọmọ yín, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́,
Kubwa, Abuja.